Pápá Tí A Fa Ìlà Rẹ̀ Sínú

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú kékeré kan. Ìlú náà kò ní ju òpópónà kan lọ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú líìgì àgbà ilẹ̀ wọn, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ìlú ńláńlá ti ń fìgagbága. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n máa ń dárúkọ ìlú náà lórí rédíò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń torí rẹ̀ dárúkọ wọn.

Nígbà tí sáà kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ni ẹgbẹ́ pe ọkùnrin náà. Wọ́n ní, "A kò béèrè ife ẹ̀yẹ lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣá má jẹ̀ẹ́ kí a já sí ìpele kejì. Bí a bá já, a ó tú ẹgbẹ́ yìí ká ni." Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́. Ọkùnrin náà sì ti dàgbà tó láti mọ̀ pé ẹni tí kò bínú nígbà tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti rò ó parí.

Balógun ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ Láníyan. Apá òsì lẹ́yìn ló ń ṣọ́. Àwọn alátìlẹ́yìn sọ ọ́ ní Ilẹ̀kùn Irin, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi sẹ́ni tó rí ọ̀nà gbà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti wá fà á lọ́wọ́ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì gbóná, kò bá wọn lọ. Nígbà tí ìyàwó akọ́nimọ̀ọ́gbá kú, Láníyan ló ká ẹní rẹ̀ wá sí pálọ̀ ọkùnrin náà, tó ń sùn síbẹ̀, tó ń fi tipátipá mú un jẹun, títí ó fi lè dá wà nínú ilé. Irú oore báyìí, ènìyàn kì í gbàgbé rẹ̀. Kò tilẹ̀ dára kí ènìyàn gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n fetí sí ohun tí ọkùnrin yìí fi san án padà.

Lọ́jọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń múra sáà sílẹ̀, agbábọ́ọ̀lù tuntun kan gba ẹ̀gbẹ́ Láníyan kọjá. Ó padà wá, ó tún kọjá. Láníyan rẹ́rìn-ín, ó ní bàtà ló ń fún òun lẹ́sẹ̀. Ó bọ́ ọ, ó wọ òmíràn. Ẹni náà tún kọjá. Àwọn yòókù wo ibòmíràn, bí ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ ilé ṣe máa ń wo ibòmíràn bí aṣọ bá yẹ̀ lára àgbà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò lè wo ibòmíràn, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wò. Ó rí i pé ẹsẹ̀ ti lọ. Ọpọlọ wà níbẹ̀, ìgboyà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti lọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gbá bọ́ọ̀lù.

Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó lè bọ́ sí àyè rẹ̀. Igbákejì kan wà lórí bẹ́ǹṣì tí ara rẹ̀ le, tí eré rẹ̀ yá. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún un kò ju àgbà tí yóò kọ́ ọ ní ibi tó yẹ kí ó dúró sí lọ. Láníyan ni ì bá kọ́ ọ, bí wọ́n bá sọ fún un pé iṣẹ́ tó kù fún un nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àìkú, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọṣọ, ó lọ sílé Láníyan. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu kó tó kúrò nílé. Ìyàwó Láníyan gúnyán. Wọ́n jẹun, wọ́n mumi. Láníyan ń sọ ohun tó fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe lọ́dún náà, ó ń fi ìka ya pápá sórí tábìlì, ojú rẹ̀ ń dán. Akọ́nimọ̀ọ́gbá la ẹnu.

"Láníyan."

"Ọ̀gá."

"Ṣé ara ń le?"

"A dúpẹ́, ọ̀gá. Ara le koko."

Ni ọkùnrin náà bá dìde, wọ́n sì sìn ín dé ojú ọ̀nà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí pápá, ó pe ọkùnrin tó ń fi ẹfun ya ìlà, ó ní kó fa ìlà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì wọ inú. Kò rú òfin. Òfin líìgì sọ bí pápá ṣe lè fẹ̀ tó, ó sì sọ bí ó ṣe lè há tó. Ibi tó há jù lọ tí òfin fara mọ́ ló fà á dé. Ẹlẹ́fun kò béèrè ìdí. Inú rẹ̀ dùn pé iṣẹ́ dín kù.

Ní pápá tó há, ẹni tó lè sáré kì í rí ibi sá sí. Ẹni tí eré kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́ yóò kàn sún díẹ̀ síbí, sún díẹ̀ sọ́hùn-ún, yóò sì rò pé òun ṣì ni ẹni tí òun jẹ́ láná. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kó gbogbo ẹgbẹ́ jọ. Ó ní, "Ọgbọ́n tuntun ni mo gbé dé. Ẹ jẹ́ kí a fún àwọn àlejò mọ́ra, kí wọ́n má ríbi mí." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Láníyan ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ọkùnrin yìí fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ń tọ́jú ìlà. Ó sì ṣe é dáadáa débi pé òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọgbọ́n nínú ọkàn ara rẹ̀.

Sáà bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ wá bá wọn nílé jẹ́ ẹgbẹ́ tó lórúkọ. Wọ́n sá lọ sá bọ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n tì mọ́ yàrá, wọ́n pàdánù, wọ́n wọ ọkọ̀ wọn. Àwọn tó tún wá lẹ́yìn wọn ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn fẹjọ́ sùn. Àwọn aláṣẹ líìgì rán ènìyàn wá wọn pápá, wọ́n sì rí i pé kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Òkìkí ìlú náà kàn. Rédíò fi ọ̀rọ̀ wá Láníyan lẹ́nu wò, ó ní, "Ọgbọ́n ọ̀gá wa ni o. Àwa kàn ń tẹ̀lé e ni." Akọ́nimọ̀ọ́gbá wà nílé, ó ń gbọ́ ọ. Ó na ọwọ́, ó pa rédíò náà.

Bí wọ́n bá jáde nílé, wọ́n ń pàdánù. Ṣùgbọ́n nínú líìgì ilẹ̀ yẹn, ta ni kì í pàdánù nílé onílé? Àṣà wọn nìyẹn. Onílé a borí, àlejò a máa lọ sílé. Bí àlejò bá rí ọ̀mì gbà, orin ni wọ́n máa kọ dé ẹnubodè ìlú wọn. Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ yìí bá lọ síta, tí wọ́n bá lù wọ́n bí ẹni lu bàrà, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí bọ́ọ̀lù gbà wọlé. Bí wọ́n bá béèrè ni, wọn ì bá rí i pé apá òsì ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó bá ń ṣe gbogbo ayé, ó ṣòro kí ènìyàn tó mọ̀ pé èyí tó ń ṣe òun ní orúkọ tirẹ̀.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá mọ̀. Ó wá ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, bí onílé tó ń fi ọ̀pá ti ògiri tó fẹ́ wó. Ó ní kí ẹni tó ń gbá àárín máa fà sẹ́yìn sí òsì. Ó ní kí aṣọ́lé má ju bọ́ọ̀lù sí òsì mọ́. Ó ní kí àwọn tó lè sáré má sáré jìnnà, kí àlàfo má baà ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Nígbà tó yá, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń gbá bọ́ọ̀lù kí ẹnì kan ṣoṣo má baà mọ̀ pé òun ti darúgbó. Ẹsẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ náà wá ń wúwo. Ẹni tó gba ẹ̀gbẹ́ Láníyan kọjá níjọ́sí, kò rántí ìgbà tó sá eré tó tẹ́ ẹ lọ́rùn kẹ́yìn.

Láàárín sáà, igbákejì tó wà lórí bẹ́ǹṣì wá bá a.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé mi ò dáa ni?"

"O dáa."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò lò mí?"

Akọ́nimọ̀ọ́gbá yíjú sí pápá. Igbákejì náà dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó bá ẹgbẹ́ mìíràn lọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò lè dá a dúró, nítorí kò sí ọ̀nà tí yóò gbà dá a dúró tí kò ní í kan ọ̀rọ̀ tó ń sá fún. Ẹni tó bá pa òótọ́ mọ́ fún ènìyàn kan, yóò pa á mọ́ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti lù wọ́n. Láníyan jókòó nínú ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá jókòó tì í.

"Ó ń dùn ọ́?"

"Ọyẹ́ ni, ọ̀gá."

"Bóyá kí o tiẹ̀ sinmi díẹ̀."

"Kí n sinmi? Ta ló máa wá ṣọ́ ibẹ̀?"

Láníyan rẹ́rìn-ín, ó sì fi orí ti gíláàsì, ó sùn. Òótọ́ ló sì sọ. Kò sí ẹlòmíràn mọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n jẹ nílé ti gbé wọn sókè, èyí tí wọ́n pàdánù níta ti fà wọ́n sílẹ̀, wọ́n wá wà ní etí bèbè gan-an. Bí wọ́n bá gba ọ̀mì, wọ́n dúró sí líìgì. Bí wọ́n bá pàdánù, wọ́n já, ẹgbẹ́ tú. Ilé onílé ni wọ́n sì ti máa gbá a, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan tí kò ní nǹkan tó ń wá mọ́ lọ́dún náà ju kí wọ́n gbádùn ara wọn lọ.

Pápá ibẹ̀ fẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn alátìlẹ́yìn ìlú kékeré náà kún ọkọ̀ wá, wọ́n ti ń jó kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn onílé ní ẹnì kan tó máa ń sáré gba etí pápá. Ó wo Láníyan lẹ́ẹ̀kan, ó sì mọ ohun tó yẹ kó mọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ kọjá, bọ́ọ̀lù lọ sókè. Nígbà tó tún kọjá, bọ́ọ̀lù wọlé. Ẹni àárín sáré wá ran Láníyan lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ, àárín bá ṣófo, bọ́ọ̀lù tún gba ibẹ̀ wọlé. Láti ìgbà náà lọ ó di àwàdà. Bí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ sárésáré náà, yóò dúró kí Láníyan dé, kó tó wá kọjá. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń kọrin sí i. Ẹsẹ̀ Láníyan kọ́ ara wọn, ó ṣubú, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ọ̀kan nínú àwọn alátìlẹ́yìn tiwọn, tó ti ń pè é ní Ilẹ̀kùn Irin láti ọdún pípẹ́, dìde dúró, ó pariwo: "Akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ yọ bàbá yìí kúrò! Àbí ẹ fẹ́ pa á ni?"

Akọ́nimọ̀ọ́gbá yíjú wo bẹ́ǹṣì. Kò sẹ́nì kan níbẹ̀ tó ṣọ́ òsì rí. Ó yíjú padà sí pápá. Láníyan ti dìde, ó tún ń sá tẹ̀ lé ẹni tí kò lè bá. Ohun tó bani nínú jẹ́ jù nìyẹn, pé kò dẹ́kun sísá.

Rẹfirí fọn fèrè. Wọ́n já.

Nígbà tí èrò ti túká, Láníyan kò tíì wọlé. Ó dúró létí ìlà òsì, ó ń wo ìlà ọ̀tún lọ́ọ̀ọ́kán. Akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ dúró tì í.

"Ọ̀gá, pápá wa nílé há ju èyí lọ."

"Ó há jù ú lọ."

"Mo mọ̀ pé ẹ fà á sínú. Mo rò pé torí ẹgbẹ́ ni."

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wo ìlà ẹfun tó wà níwájú ẹsẹ̀ wọn.

"Torí èmi ni?"

"Torí ìwọ ni."

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí o ní bàtà ló ń fún ọ lẹ́sẹ̀."

Láníyan mi orí. "Ẹ wá sílé mi lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ wo ojú mi, ẹ ní ṣé ara ń le."

"Mi ò fẹ́ dójú tì ọ́, Láníyan."

"Ta ló wà nílé lọ́jọ́ náà? Èmi, ẹ̀yin, ìyàwó mi." Ó na ọwọ́ sí àwọn àga tó yí pápá ká. "Ẹ wá wo iye ẹni tí ẹ pè wá síbi ìtìjú mi."

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wo àwọn àga náà yíká.

"Ká ní ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn ni, mà bá bínú," ni Láníyan wí. "Mi ò ní kí yín fún ìgbà díẹ̀. Ìyàwó mi á máa fi orin bú yín ní ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà, mà bá fa ọmọ yẹn lọ́wọ́, mà bá fi ibi tí wọ́n ń dúró sí hàn án. Ẹgbẹ́ yìí ì bá wà lónìí. Ṣé ẹ rò pé ipò mi ni mo fẹ́ràn ni?"

Kò sunkún. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ló sunkún.

Àwọn tó ni ẹgbẹ́ ṣe bí wọ́n ti wí. Àwọn agbábọ́ọ̀lù fọ́n ká. Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn rìn káàkiri kí wọ́n tó rí ẹgbẹ́ gbà wọ́n, nítorí ibi gbogbo tí wọ́n dé ni pápá ti fẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kò sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. Rédíò kò dárúkọ ìlú náà mọ́. Láníyan àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣì ń kí ara wọn bí wọ́n bá pàdé lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀, tó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, yóò mọ̀ pé nǹkan kan ti kúrò láàárín wọn. Ọkùnrin náà pa ọ̀rọ̀ mọ́ kí ọ̀rẹ́ má baà bàjẹ́. Ọ̀rẹ́ bàjẹ́, ẹgbẹ́ tú, ọ̀rọ̀ náà sì jáde.

Ìwọ olórí akọrin, o ti mọ ìdí tí ìwọ nìkan fi gbọ́ ìtàn yìí, tí èmi àlùfáà ìjọ kò fi gun orí àga ìwàásù sọ ọ́. Láti ọdún tó kọjá ni o ti ń fa orin wálẹ̀, kí ìyá tó ń dá orin fún wa má baà mọ̀ pé ohùn òun kò dé òkè mọ́. Orin tí àwọn ọmọbìnrin wa ń kọ tẹ́lẹ̀ tí òrùlé fi ń dún, kíkùn ni wọ́n ń kùn ún báyìí. Láàárín ìjọ, kò sẹ́ni tó fura. Gbogbo wa la fẹ́ràn ìyá, ìgbà tí gbogbo ènìyàn sì jọ fà sílẹ̀, ta ni yóò mọ̀ pé ohùn ti lọ sílẹ̀? Lánàá o wá bẹ̀bẹ̀ pé kí a má lọ sí àjọ̀dún akọrin gbogbo ìjọ lọ́dún yìí. O kò sọ ìdí. Ìdí rẹ̀ ni pé níbẹ̀, àwọn tó pè wá ló máa yan orin, àwọn náà ló máa yan bí ohùn rẹ̀ yóò ṣe ga tó, ìyá ló sì máa dìde láti dá a.

A máa lọ. O pe ohun tí ò ń ṣe ní ọ̀wọ̀. Kì í ṣe ọ̀wọ̀, ẹ̀rù ni. Ìyá kọ́ ni ò ń dáàbò bò. Ara rẹ ni, kí ìyá má baà wò ọ́ lójú bí o kò ṣe fẹ́ kó wò ọ́. Òkèèrè lolójú jínjìn ti í mẹ́kún sun, ọjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Má rán ẹnikẹ́ni sí i. Dìde, lọ fúnra rẹ, dọ̀bálẹ̀ fún un, sọ fún un pé ohùn náà ti lọ, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kó yan ẹni tí òun fẹ́ kọ́ kó dìde dípò òun. Yóò bínú sí ọ.

Jẹ́ kó bínú nílé.